Ìṣirò Ọ̀nà Ojú Ọ̀run

Nínú gbogbo ìbéèrè tí ọmọ ènìyàn ń bi ara rẹ̀, èyí tí ó dà bí ẹni pé ó rọrùn jù lọ ni ti ọ̀nà jíjìn: báwo ni ibí ṣe jìnnà sí ọ̀hún tó? Ìdáhùn rẹ̀ kò ju iye kan lọ, iye náà sì wà ní àrọ́wọ́tó ẹnikẹ́ni tí ó bá ní àwòrán ayé àti gègé ìkọ̀wé. Bí mo bá sọ pé láti pápá ọkọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé ti Nnamdi Azikiwe ní Àbújá jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 511, tí mo sì fi kún un pé wákàtí kan ni bàálù fi ń rìn ín, ta ni yóò bá mi jiyàn? Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a jiyàn díẹ̀ lórí rẹ̀. Kì í ṣe pé iye náà kò tọ̀nà. Ó tọ̀nà. Ohun tí mo fẹ́ kí a wádìí ni irú ọ̀rọ̀ tí iye bẹ́ẹ̀ ń dà nígbà tí ó bá ti ẹnu ẹnì kan jáde, tí ó sì bọ́ sí etí ẹlòmíràn tí ó ń dúró de èrò. Àti gbèsè tí ẹni tí ó sọ ọ́ jẹ ẹni tí ó gbọ́ ọ.

Ọ̀tà àti Sàngó ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀nà orí ilẹ̀ àti ọ̀nà ojú ọ̀run ti ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń jáde ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ìrọ̀lẹ́, ní òpópónà tí ó lọ sí Ìdí-Ìrókò, a máa rí bàálù tí ń rẹlẹ̀ bọ̀ láti ìhà àríwá, tí ó ń wá ilẹ̀ Ìkẹjà. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti gúnlẹ̀. Láti Sàngó sí pápá ọkọ̀ náà kò tó 20 kìlómítà bí ẹyẹ bá fò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní Sàngó, tí ó fẹ́ wọ bàálù aago mẹ́wàá òwúrọ̀, kò ní dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí ó tó jáde nílé. Ó mọ ohun tí ń bẹ ní Tólugéètì, ní Alákùkọ, ní Abúlé-Ẹ̀gbá àti ní Ìyánà Ìpájà. (Mo mọ̀ pé láti ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin ìjọba Èkó ti ń gbé èrò láti Agbádó lọ sí Oyíngbò, ó sì ti dín ìyà àwọn kan kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ru àpótí méjì kò ní kánjú bá wọn wọ̀ ọ́.) Báyìí ni ènìyàn fi ń lo wákàtí mẹ́ta fún ọ̀nà tí kò tó 20 kìlómítà, tí ó sì lo wákàtí kan fún èyí tí ó lé ní 500.

Ìṣirò náà fúnra rẹ̀ dùn mọ́ni púpọ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo kórìíra rẹ̀. Ayé rí rogodo bí ọsàn. Bí a bá fẹ́ mọ ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ láàrin ìlú méjì, kí a mú òwú, kí a fi orí rẹ̀ kan le ìlú kìíní, kí a fà á le dáadáa títí dé ìlú kejì. Ibi tí òwú náà bá gbà ni ọ̀nà ojú ọ̀run. Àwọn onímọ̀ ti pín ìdajì ayé láti ìlà àárín ayé dé ṣóńṣó àríwá sí ọ̀nà 90, ìpín kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 111. Ìkẹjà wà ní ìpín kẹfà ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Pápá ọkọ̀ Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù wà ní ìpín 51 ààbọ̀. Àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà láti àríwá sí gúúsù, nítorí náà ọmọ ilé-ìwé lè ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí pátákó: ìpín 45 lọ́nà 111, ó di 4,995. Ọ̀rínwó ọ̀nà kì í ṣe eré! Bí bàálù bá ń sá kìlómítà 850 ní wákàtí kan, kò ní tó wákàtí mẹ́fà. Bí a bá fi àkókò tí ó fi ń gòkè àti èyí tí ó fi ń sọ̀ kún un, yóò di mẹ́fà ààbọ̀. Èyí ni iye tí ó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìyanu kan tún wà nínú ti Àkìrà tí ó sún mọ́ wa. Kìlómítà 400 péré ni, ìrìn nǹkan bí wákàtí kan. Ṣùgbọ́n aago Gánà fi wákàtí kan lọ sẹ́yìn tiwa. Ẹni tí ó bá gbéra ní Ìkẹjà ní aago méjìlá ọ̀sán lè gúnlẹ̀ sí Àkìrà kí aago ògiri ibẹ̀ máa lu méjìlá. Bí a bá ka ọ̀rọ̀ aago nìkan sí òtítọ́, ẹni náà kò lo àkókò rárá. Ara rẹ̀ mọ̀ pé ó lò ó.

Ohun kan wà tí òwú orí ọsàn kò sọ. Bàálù kì í gba ojú òwú. Afẹ́fẹ́ láti orí òkun ni ó sábà máa ń fẹ́ sí Èkó, bàálù sì gbọ́dọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́ kí ó tó lè gbéra. Nítorí náà ẹni tí ń lọ sí Àbújá ní ìlà-oòrùn àríwá sábà máa ń kọ́kọ́ kọjú sí òkun, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ yóò tó yí po. Òjò lè wà lójú ọ̀nà. Wọ́n lè ní kí ó máa yí kiri lójú ọ̀run nítorí pé àwọn mìíràn ti ṣáájú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ òfurufú mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, òfin iṣẹ́ wọn sì mọ̀ ọ́n. Òfin náà kò gbà kí wọ́n bu epo tí yóò gbé wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ nìkan. Wọ́n gbọ́dọ̀ bu èyí tí yóò gbé wọn dé pápá ọkọ̀ mìíràn bí ti àkọ́kọ́ kò bá ṣe é sọ̀ sí, kí wọ́n sì tún bu ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé e lórí. Mo fẹ́ràn òfin yìí gidigidi. Ẹni tí ó ṣe é ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé ìṣirò òun lè má rí bí ó ti rí lórí ìwé, ó sì ti fi epo sí ipò ọ̀rọ̀ náà "bóyá".

"Bóyá" yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Bí a bá bi awakọ̀ akẹ́rù ní Sàngó léèrè pé báwo ni Ìbàdàn ṣe jìnnà tó, kò ní dárúkọ kìlómítà. Yóò ní, "Bí ọ̀nà bá dára, tí a kò bá bá wọn níbi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró, a ó débẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí." Àwọn baba wa a máa fi ìrìn ọjọ́ kan, ìrìn ọjọ́ méjì wọn ọ̀nà, wọn a sì máa fi ọjà tí a ó kọjá kà á. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ka irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ sí ìwọ̀n àìlajú. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tí ó gbé àìdánilójú rẹ̀ sí ìta gbangba ni, ẹni tí ó gbọ́ ọ sì mọ ibi tí ó lè yẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn àwọn Àwórì, tí Ọ̀tà jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ìlú wọn. Wọ́n ní nígbà tí Ògúnfúnminíre ń bọ̀ láti ìhà Ifẹ̀, àwo ni wọ́n gbé lé orí omi Ògùn, tí wọ́n sì ní kí ó máa tẹ̀ lé e. Àwo náà dúró ní Olókèméjì, ó tún dúró ní Òkè-Àtà. Níbi tí ó bá dúró sí, àwọn náà a dúró. Ní ibi tí ó gbẹ̀yìn sí, tí àwọn kan sọ pé Ìṣẹ́rì ni, tí àwọn mìíràn sọ pé ọ̀dọ̀ omi Èkó ni, ó rì. "Àwo ti rì," ni wọ́n wí, ibẹ̀ ni orúkọ wọn sì ti wá. Àwọn òpìtàn lè máa bá ìtàn yìí fa ọ̀rọ̀. Ohun tí ó gbà mí lọ́kàn nínú rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó dúró ní Olókèméjì kí ó máa fi ìṣirò sọ pé àwo ti dé Ìṣẹ́rì. Ojú wọn wà lára rẹ̀. Nítorí pé ojú wọn wà lára rẹ̀ ni wọ́n fi lè sọ ibi tí ó rì sí.

Àwa tí ayé bàálù àti tẹlifóònù bá kò lè máa fi ojú tẹ̀ lé ohun gbogbo mọ́. Ìṣirò ni ó gba ipò ojú. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí, àfi pé ó ti kọ́ wa ní àṣà kan. Kò sí irọ́ tí àwa ará Èkó àti Ọ̀tà ń pa lójoojúmọ́ tó irọ́ ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da omi sí ara ní balùwẹ̀ yóò sọ lórí fóònù pé òun ti wà ní Ìyánà Ìpájà. Ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ̀ pé irọ́ ni, òun náà sì ti pa irú rẹ̀ ní àná. Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Fóònù kò ní ojú. A ti fọwọ́ sí i láàrin ara wa pé ibi tí ó yẹ kí ènìyàn wà ni kí ó sọ pé òun wà. Irọ́ kékeré ni, ó sì ń pani lẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọjọ́ kan wà tí àṣà sísọ ibi tí ó yẹ kí nǹkan wà, dípò ibi tí a rí i, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2005, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀, bàálù Boeing 737 ti ilé iṣẹ́ Bellview, tí nọ́ńbà ìrìn rẹ̀ jẹ́ 210, gbéra ní Ìkẹjà, ó ń lọ sí Àbújá. Ènìyàn 117 ni ó wà nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí ó gbéra, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ dákẹ́. Wákàtí kan kọjá ní Àbújá, kò sí bàálù. Ní àsìkò náà Nàìjíríà kò tíì ní ẹ̀rọ radar tí ó kárí gbogbo òfurufú rẹ̀. Nígbà tí ó di òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìròyìn jáde láti ẹnu àwọn tí ó yẹ kí ó mọ̀ pé wọ́n ti rí bàálù náà ní ẹ̀bá Kíṣí, ní òkè Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. A tilẹ̀ gbọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú èrò rẹ̀ yè. Àwọn ẹbí tí kò sùn mọ́jú mí kanlẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó parí, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Abúlé Lísà ni bàálù náà wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kò jìnnà sí Sàngó. Àwọn oníròyìn tẹlifíṣàn ni ó kọ́kọ́ fi kòtò ńlá ibẹ̀ han ayé. Kò sí ẹni tí ó yè.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò tí a kò ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Láti Ìkẹjà dé Kíṣí ní ìlà tààrà jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 280. Bàálù tí ó ti dé góńgó eré rẹ̀ pàápàá yóò lo ogún ìṣẹ́jú kí ó tó débẹ̀. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè kò ju kìlómítà méje tàbí mẹ́jọ lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ọkọ̀ tí ohùn rẹ̀ ti dákẹ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí ó gbéra, ẹ̀bá ilé ni ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ wá a. Ju èyí lọ, Kíṣí kò sí lójú ọ̀nà Àbújá rárá; ó fi nǹkan bí kìlómítà 200 yà kúrò lójú òwú. Lísà kò tó 30 kìlómítà sí pápá ọkọ̀ tí ó ti gbéra. Ìṣirò tí ọmọ ilé-ìwé lè ṣe lórí pátákó ì bá ti mú kí ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé ó rọrùn láti máa ṣe ìṣirò lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti tán. Ó lè ní, nígbà tí ilé kún fún ẹkún, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Pé ẹni tí ó sọ̀rọ̀ Kíṣí gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni, inú rere ni ó sì fi sọ ọ́. Mo gbà pé inú rere ni. Mo sì mọ bí ó ti nira tó ní àwùjọ wa fún ẹni tí ó wà ní ipò láti la ẹnu sọ pé "A kò tíì mọ̀." A ti tọ́ wa dàgbà nínú èrò pé àgbà tí kò bá ní ìdáhùn ti tẹ́. Síbẹ̀ n kò lè gbà pé inú rere tó. Ìyá tí a sọ fún pé ọmọ rẹ̀ lè wà lára àwọn tí ó yè ní Kíṣí ti múra ìrìn-àjò Kíṣí. Ó ti ń ka kìlómítà, ó ti ń bèèrè ọkọ̀ tí ń lọ sí Ìgbòho. Ẹni tí ó fún un ní ìrètí kò rò pé òun yóò tún gbà á padà kí alẹ́ tó lẹ́. Ikú kan ni ọmọ náà kú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pa á létí ìyá rẹ̀.

Mo fẹ́ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 2014, bàálù MH370 ti Malaysia, tí ó gbé ènìyàn 239 láti Kuala Lumpur lọ sí Beijing, dàwátì. Òkun tí ó wà lójú òwú ni wọ́n kọ́kọ́ wá a sí, wọn kò rí i. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì ilé iṣẹ́ Inmarsat kan ti ń kí ọkọ̀ náà ní wákàtí-wákàtí, ọkọ̀ náà sì ń jẹ́ ẹ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn wọn àkókò tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan fi rìn dé ojú ọ̀run, wọ́n sì fi mọ bí ọkọ̀ náà ṣe jìnnà sí sátẹ́láìtì náà tó. Kí ni wọ́n wá sọ? Wọn kò tọ́ka sí ibì kan. Wọ́n fa ìlà gígùn kan tí ó tẹ̀ bí ọrun lórí Òkun Íńdíà, wọ́n ní: lórí ìlà yìí ni, a kò mọ ibi tí ó jẹ́ nínú rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2015, omi gbé apá kan lára ìyẹ́ ọkọ̀ náà wá sí erékùṣù Réunion, ní òkun kan náà. Wọ́n wá ìyókù ní ìsàlẹ̀ omi títí di oṣù kìíní ọdún 2017, wọ́n sì dáwọ́ dúró láìrí i.

N kò sọ pé ìṣirò òtítọ́ tu àwọn ẹbí wọ̀nyẹn nínú. Kò tù wọ́n nínú rárá. Nígbà tí olórí ìjọba Malaysia jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta sọ pé ìrìn ọkọ̀ náà ti parí sínú òkun, ọ̀pọ̀ nínú wọn bú sí ìbínú: ta ni ó rí i? Ìbéèrè náà tọ́ sí wọn. Ẹni tí kò rí òkú kò ní fi ìlà orí àwòrán ayé sin ín. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí mo kà sí ńlá. Ìlà àwọn onímọ̀ náà ń fi bí àìmọ̀ wọn ti gùn tó hàn, ẹnikẹ́ni sì lè fi ojú wọn ọ́n. "Ẹ̀bá Kíṣí" kò fi àìmọ̀ kankan hàn. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti débẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí ó ń dà mí láàmú nínú ọ̀ràn Lísà. Ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ni bàálù náà já lé. Ohun tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kò lè já bọ́ lálẹ́ kí àwọn tí ń gbé ìtòsí má gbọ́ ìró. Nínú gbogbo ìwọ̀n tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé ní òru ọjọ́ náà, etí wọn ni ó péye jù lọ, òun sì ni kò sí lórí tábìlì ẹnikẹ́ni. A máa ń rò pé ìmọ̀ nípa bàálù wà lọ́wọ́ àwọn tí ó wà ní pápá ọkọ̀ àti ní ọ́fíìsì. Ẹni tí ń ro oko lábẹ́ ibi tí ó ń kọjá kò sí nínú ìṣirò. Àwọn ará Sàngó àti Agbádó náà wà lábẹ́ ọ̀nà yìí. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2012, bàálù Dana Air tí ń bọ̀ láti Àbújá já lé ilé ní Ìjú-Ìṣàgà. Ó ti rin kìlómítà tí ó lé ní 500, ó ku èyí tí kò tó mẹ́wàá. Ènìyàn 153 tí ó wà nínú rẹ̀ kú, àwọn mẹ́fà tí wọ́n wà ní ilẹ̀ sì bá wọn lọ. Àwọn mẹ́fà náà kò ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ síbì kankan.

Ìrántí kan wà ní Lísà lónìí fún àwọn tí ó kú. Ìwé ìwádìí ìjọba náà ti jáde, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìjàǹbá náà. Wọn kò rí àpótí tí ń gba ohùn awakọ̀ àti ìrìn ọkọ̀ pamọ́, ìwé náà sì sọ ọ́ gbangba pé àwọn kò ní ẹ̀rí tí ó tó láti fi sọ ohun tí ó fa ìjàǹbá náà. Ṣùgbọ́n ó kọ ibi tí bàálù náà já sí sílẹ̀, ìpín ayé àti ìdá-ìpín rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ní gègé lè jókòó ní Sàngó kí ó ṣe ìṣirò bí ó ti jìnnà sí òun tó.